Fítámì Yíwọlá

Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà nílé Adébánjí Ọ̀jẹ̀túndé ni Yíwọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti fi ń gé oògùn ara rẹ̀ sí méjì láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, ìdajì hóró kan ló kù. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ lẹ́bàá síńkì, ìdajì náà ta yọ, ó bọ́ sínú ihò tí omi àwo ń gbà lọ. Ó ki ìka bọ ihò náà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju ìrẹsì ọjọ́ Tọ́sìdeè lọ. Ó fọwọ́, ó nùwọ́, ó sì dúró síwájú fíríìjì, ó ń gbọ́ ohun tí fíríìjì ń sọ.

Fíríìjì ń pe orúkọ rẹ̀. Ó ṣì mọ̀ pé fíríìjì ni. Ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnì tó ti gbó ló ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, kíkùn lásán ló ń kùn. Kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé àìsùn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, láìwọ bàtà ni wọ́n mú un bọ̀ láti ibùdókọ̀ First Gate níbi tó ti ń rìn kiri.

Lórí fíríìjì náà ni ìgò fítámì C kan wà, ìgò funfun tí wọ́n ya ọsàn sí lára. Láti ọdún méjì, kò sí fítámì kankan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Rosaline, ìyá Yíwọlá, máa ń tú oògùn ọmọ rẹ̀ sí, kí àlejò má baà rí i. Kò sẹ́ni tó ń pe oògùn ní oògùn nínú ilé yẹn. “Ṣé o ti lo fítámì ẹ?” ni wọ́n máa ń bi í. Bàbá rẹ̀ fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó bá oríṣiríṣi ọ̀gá kọ lẹ́tà láìṣi kọ́mà kan fi sí, ṣùgbọ́n kò tíì pe orúkọ àìsàn ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbà pé ohun téèyàn ò bá pè kò ní dáhùn.

Ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kí fítámì tán. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìgbìmọ̀ ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń bọ̀ wá sílé. Àṣà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni pé bí ẹnì kan bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ìgbìmọ̀ á wá gbàdúrà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ kí ìsìn tó dé. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á fi yíǹkì fa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ètò ìsìn, gbogbo ìjọ á sì tẹjú mọ́ ibi tí wọ́n fà rẹ́ náà ju bí wọ́n ṣe ń tẹjú mọ́ Bíbélì lọ. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Adébánjí dìde láàárín ìjọ, ó ní Ọlọ́run ti wo ọmọ òun sàn láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀, pé igba ẹgbẹ̀rún náírà lòun máa fi dúpẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Yíwọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tòun ti fítámì àárọ̀ nínú ikùn.

Yíwọlá mú káàdì ìlera rẹ̀ tó wá láti ọ̀dọ̀ HMO, iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, ó gba kílíníkì tó ń lò ní Àmúwò lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Kuje-Àmúwò ló gba káàdì náà fún un, oṣooṣù ni wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ìdajì oògùn ni kílíníkì fún un. Wọ́n ní kó padà wá gba ìyókù. Ó padà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kò tíì dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì gba káàdì, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó sì tì í padà lábẹ́ gíláàsì.

“Àǹtí, káàdì yìí ò gbà.”

“Báwo ni kò ṣe gbà?”

“Ilé-ẹ̀kọ́ yín ò sanwó láti oṣù márùn-ún. HMO ti ń mú un mọ́ra bọ̀, wọ́n wá dá a dúró ní Mọ́ńdè.”

“Wọ́n ń yọ ọ́ lára owó mi lóṣooṣù.”

“Ẹ̀yin pẹ̀lú wọn nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rí dókítà, ẹ lè san káàṣì.”

Yíwọlá jáde síta, ó pe ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Mọ́mì Súkúù. Ní oṣù tí Mọ́mì Súkúù dá owó àwọn tíṣà dúró sọ́wọ́ ló ra bọ́ọ̀sì tuntun, tó ní kí wọ́n ya ojú òun sí ìhà méjèèjì rẹ̀. Ó gbé fóònù kíá.

“Yíwọlá, ṣé kò sí o?”

“Mà, wọ́n ní káàdì HMO wa ò ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, à ń bá wọn sọ ọ́. Kí ló ń ṣe ẹ́?”

Yíwọlá fi káàdì sápò. Bó bá sọ ohun tó ń ṣe é, kò ní dé kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n á ní kó sinmi nílé, ìsinmi náà ò sì ní lópin, nítorí kò sí òbí tó máa sanwó kí irú rẹ̀ máa kọ́mọ òun.

“Ibà ni, mà.”

“Ibà lásán-làsàn? Lo oògùn ibà jàre. Gbogbo ẹ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Tí o bá rí i pé kò lọ, ìwọ pè mí.” Ó pa fóònù. Yíwọlá wo ojú fóònù títí iná rẹ̀ fi kú.

Láti Àmúwò, ó gba Apple Junction. Fámásì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé Dammy, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù, ló máa ń tajà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Dammy ò béèrè ohun tó fẹ́ rà. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ó lọ sẹ́yìn, ó mú páálí náà wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí rẹ̀.

“Àǹtí, mo fẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín ni. Ó ti tún lọ sókè. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún.”

“Hóró mẹ́wàá?”

“Hóró mẹ́wàá, mà. Èyí tówó rẹ̀ dín díẹ̀ ò wá sí Nàìjíríà mọ́ rárá.”

“Ṣé o lè gé hóró méjì fún mi níbẹ̀?”

“Ọ̀gá wa á lé mi dànù.” Dammy wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, mà. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa pọ̀. Àwọn èèyàn ńlá ńlá tó ń gbé níhìn-ín. Tí mo bá dárúkọ wọn, ẹ máa ní irọ́ ni.” Kò sì dárúkọ ẹnì kankan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló wà nínú àkáǹtì Yíwọlá, oṣù sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dammy, ó fẹsẹ̀ rìn wálé.

Nílé, òórùn ẹja dín-dín ti gba gbogbo kílóòsì, òpópónà kékeré tí ilé wọn wà. Rosaline ló ń ro jọ̀lọ́ọ̀fù ìgbìmọ̀, Juliana tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwọn sì wá bá a dín ẹja. Ìyá Ìkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ ní 41 Road láàárọ̀, Juliana á ti sọ ọ́ dé Agboju kó tó di ọ̀sán. Rosaline bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ju bó ṣe bẹ̀rù olè lọ, ìdí sì nìyí tó fi máa ń pè é sí gbogbo ìdáná. Ó ní ó sàn kí òun máa rí ẹnu náà níwájú òun.

“Ẹ ò rí ti wèrè kan ní Agboju lánàá, Mọ́mì Yíwọlá,” ni Juliana ń wí, ó ń yí ẹja padà nínú òróró. “Pátá nìkan ló wọ̀, ó ń darí ọkọ̀. Àwọn onímọ́tò sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti ọlọ́pàá lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n kúkú ti wí i, wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.”

Rosaline rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni Yíwọlá ti wọlé, ó kí Juliana, ó bá ojú ìyá rẹ̀ pàdé, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan. Rosaline fi ìkòkò sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e wọ yàrá.

Nígbà tó jáde níbẹ̀, kò padà sídìí ìkòkò. Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ló gbà lọ. Adébánjí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi pọ́líìṣì kun bàtà tó fẹ́ wọ̀ lọ́la.

“Dádì Yíwọlá, fítámì ti tán.”

“Ẹ ra òmíràn.”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún ni sáṣẹ́ẹ̀tì kan. Káàdì ò sì ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún fún fítámì?”

Rosaline wò ó. Ó wo bàtà ọwọ́ rẹ̀ náà.

“Kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta,” ló wí. “Owó ń bẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.”

“Owó wo?”

“Ẹ mọ owó tí mò ń wí.”

“Owó Ọlọ́run nìyẹn.”

“Ọmọ tó wà ní pálọ̀ ńkọ́, ọmọ ta ni?”

Adébánjí gbé bàtà sílẹ̀. “Rosaline, ẹ̀jẹ́ kì í ṣe eré ọmọdé. Ojú gbogbo ìjọ ni mo ti jẹ́ ẹ. Díákónì Bọ́lárìnwá tó ń bọ̀ lónìí pe ọgọ́jọ, mo pe igba. Kí lo fẹ́ kí n wí fún un bó bá dé? Pé ọmọ tí mo ní Ọlọ́run ti wò sàn, ó ṣì ń...” Kò parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà létè rẹ̀, ó gbé e mì.

“Ẹ yọ ogún níbẹ̀. Ẹ fi ọgọ́sàn-án dúpẹ́.”

“Wọ́n ti tẹ igba sínú ìwé.”

“Ṣé ìwé ló bí i ni?”

“Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré. Ó ti pé ọdún méjì tí kò sí nǹkan kan. Bí fítámì bá tán, bóyá ó yẹ kó tán ni.” Ó tún mú bàtà, ó ń kùn ún lọ.

Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí t’ọlọ́jọ́ ṣe, ni àwọn àgbà wí. Wọn ò rò pé ẹnì kan máa wà tí owó ìwòsàn á wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó máa kó o sínú páálí bàtà, tó máa ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, tó máa fi kọ́kọ́rọ́ sápò, tó máa wá fẹ́ fi owó náà dúpẹ́ ìwòsàn. Nǹkan kan náà tó ń wo ọmọ rẹ̀ sàn ni kò fẹ́ rà, nítorí pé ó ti sọ fáráyé pé kò sí níbẹ̀. Mi ò mọ ibi tí irú ọpọlọ yẹn ti ń gba oògùn tiẹ̀.

Wíńdò yàrá náà kọjú sí kíṣìnnì. Nígbà tí Rosaline padà débẹ̀, Juliana dúró gbagidi sídìí iná, ṣíbí dín-dín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹja mẹ́ta sì ti dúdú nínú òróró. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣe ìdáná, ẹja ò jóná mọ́ Juliana lọ́wọ́ rí. Rosaline kó wọn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìrẹsì jinná, Juliana nu ọwọ́, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ sílé.

Ìgbìmọ̀ dé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta, Díákónì Bọ́lárìnwá ló ṣáájú wọn. Iṣẹ́ ìjọba kan náà lòun àti Adébánjí jọ ṣe fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti ń bá ara wọn díje láti ìgbà tí wọ́n ti ń du tábìlì tó sún mọ́ wíńdò. Wọ́n gbàdúrà kúkúrú, wọ́n sì jẹun gígùn. Díákónì jẹ ìrẹsì àwo méjì, ó fa orí ẹja mu, ó mu mọ́ọ̀tì, ó gbin, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

“Àwọn kan wà láyé yìí, hóró oògùn ni wọ́n fi ṣe Ọlọ́run. Wọ́n á jí, wọ́n á gbé e mì. Wọ́n á fẹ́ sùn, wọ́n á gbé e mì. Ṣùgbọ́n arábìnrin tiwa yìí,” ó na eegun ẹja sí Yíwọlá, “kò sí hóró kan níbẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́run lásán ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́, Bọ̀dá Adébánjí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Adébánjí wí.

Yíwọlá jókòó sí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín itan rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò sí lára Díákónì. Gbogbo wọn yíjú sí i, wọ́n ń retí kí òun náà sọ nǹkan kan. Fíríìjì kùn lẹ́yìn rẹ̀. Yíwọlá yí orí padà.

“Mo ń bọ̀,” ló wí.

Kò sẹ́ni tó pè é. Díákónì dá eegun ẹja dúró lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó bá a wá wo èkejì. Ọrùn Adébánjí ń làágùn lábẹ́ kọ́là.

“Ta ló ń pè ọ́, arábìnrin?” ni Díákónì béèrè.

“Èmi ni,” ni Rosaline wí láti kíṣìnnì. Ohùn rẹ̀ le. “Èmi ni mo pè é. Yíwọlá, wá gbé omi.”

Yíwọlá dìde, ó lọ síbẹ̀. Adébánjí rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi. Lójú ẹsẹ̀ ló wọ yàrá, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àpòòwé owó náà jáde nínú páálí bàtà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Díákónì. Díákónì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò láti mọ bó ṣe nípọn, ó kó o sínú báàgì, ó fa àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Ọ̀jẹ̀túndé nínú ìwé. Ó wá ní kí wọ́n bá òun di ẹja tó ṣẹ́kù sínú náílọ́nù. Rosaline di àwọn mẹ́ta tó jóná fún un.

Adébánjí sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kíṣìnnì fi ṣí, Juliana sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Náílọ́nù dúdú kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mọ́mì Yíwọlá, ẹ bá mi gbé ìgò fítámì yẹn.”

“Ìgò wo?”

“Èyí tó wà lórí fíríìjì.”

Rosaline ò mira. Juliana na ọwọ́ gbé e fúnra rẹ̀, ó mì í, ó gbọ́ pé kò dún. Ó tú náílọ́nù, ó yọ sáṣẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó gbé e fún Yíwọlá.

“Inú ìgò lẹ máa ń tú u sí,” ló wí, “ṣùgbọ́n inú ìdọ̀tí lẹ máa ń ju sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí, dúrọ́ọ̀mù kan náà la sì jọ ń da ìdọ̀tí sí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti mọ̀.”

Yíwọlá ka orúkọ tó wà lẹ́yìn sáṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó ka bí agbára rẹ̀ ṣe tó, ó ka ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ọ̀kan náà ni.

“Kí lẹ wá fi ń ṣe?” ni Rosaline béèrè.

“Ọkọ mi, Dádì Ìkẹ́, ló ń lò ó. Ó di ọdún kẹfà.” Juliana gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.”

“Láàárọ̀ yìí náà lẹ ní wèrè dùn ún wò.”

“Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, mà.”

Wọ́n wo ara wọn. Rosaline fa àga, ó jókòó. Juliana ní, “Ẹ bá mi wá a padà kí tiwa tó tán. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí Dádì Yíwọlá mọ̀ pé ó ń bẹ nílé wa. Òun àti Dádì Ìkẹ́ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.” Yíwọlá ti ń tú oògùn náà sínú ìgò. Hóró mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ń dún bí wọ́n ṣe ń bọ́ sísàlẹ̀ ìgò.

Ìró náà ni Adébánjí gbọ́ bó ṣe ń wọlé.

“Kí ló ń dún yẹn?”

Juliana ló dáhùn. “Fítámì ni, sà.”

Ó wo ìgò, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ là. “Ẹ ò rí i bí? Mọ́tò Bọ́lárìnwá ò tíì jáde ní kílóòsì tán tí Ọlọ́run ti dáhùn. Ká ní mo gbọ́ tìrẹ, Rosaline, ká ní mo yọ ogún nínú owó yẹn, ṣé a máa rí èyí?” Kò bi wọ́n pé níbo ló ti wá. “Yíwọlá, ìwọ lo máa di máìkì mú lọ́la. Gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.”

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ló di ojú. Juliana gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde wẹ́rẹ́. Yíwọlá mú hóró kan, kò wá ọ̀bẹ, ó gbé e lé ahọ́n lódindi, ó fi omi sìn ín. Fíríìjì tún pe orúkọ rẹ̀. Ó rọra na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, kó lè dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀.

Ó tẹ́tí. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ṣì ń sọ̀rọ̀.